Kọntírólà sípíkà: ojú ìwọlé ánálọ́ọ̀gì àbí ti díjítà, èwo lẹ fẹ́ sanwó fún?

Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ ohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá bá mi ní Lágere, ní Ilé-Ifẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kọntírólà méjì ni mo rí o. Ọ̀kan, ánálọ́ọ̀gì nìkan ló ń gbà. Èkejì ní AES, ìyẹn ojú ìwọlé díjítà, mọ́ ọn, àmọ́ owó ẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èwo ni kí n rà?" Mo bi í pé míkísà wo ni wọ́n ń lò. Ó ní Yamaha MG16XU ni. Mo ní kó ra ti ánálọ́ọ̀gì, kó fi owó tó kù ra kébù gidi. Míkísà yẹn ò ní ihò AES kankan tí ohùn á ti gbà jáde, kí ló wá fẹ́ kì bọ AES orí kọntírólà?

Àárín míkísà àti ámpù ni kọntírólà máa ń wà. Òun ló ń pín báàsì sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tó tín-ín-rín, òun ló sì ń di ohùn mú kó má baà jó sípíkà. Ohun tó bá gba ojú ìwọlé ẹ̀ wọlé ló máa rí ṣiṣẹ́ lé lórí. Tí ohùn bá ti bàjẹ́ níbẹ̀, kò sí EQ (ohun tí a fi ń dín báàsì tàbí ohùn tín-ín-rín kù tàbí fi kún un) tó lè tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ ká fi méjì tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ wéra. dbx DriveRack PA2 ní ojú ìwọlé 2, ánálọ́ọ̀gì ni méjèèjì, ó sì ní ìjáde 6. Behringer DCX2496 ní ìwọlé 3 àti ìjáde 6, ọ̀kan nínú ìwọlé ẹ̀ sì lè gba AES tí ẹ bá yàn án bẹ́ẹ̀ nínú ètò ẹ̀.

Ti ánálọ́ọ̀gì, iná fóltì ló ń gbé ohùn wá. Lórí XLR, ìyẹn orí kébù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a fi ń so gbohùngbohùn, ẹsẹ̀ 2 àti ẹsẹ̀ 3 ló ń gbé ohùn kan náà ní ọ̀nà tó kọjú síra, ẹsẹ̀ 1 sì ni ti ilẹ̀. Ariwo tó bá bà lé kébù lójú ọ̀nà á kan méjèèjì bákan náà, kọntírólà á sì fa ọ̀kan yọ lára èkejì, ariwo á pòórá. Ìdí nìyẹn tí kébù bẹ́ẹ̀ fi lè rìn jìnnà láàárín gbọ̀ngàn láìsí wàhálà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ni ìwọ̀n agbára ohùn, tí wọ́n ń fi dBu tàbí dBV kà. +4 dBu ni míkísà ńlá ń tì jáde, ìyẹn nǹkan bíi fóltì 1.23. Ẹ̀rọ ilé, bíi ẹ̀rọ DVD, −10 dBV ni tiẹ̀, kò ju bíi fóltì 0.32 lọ. Ẹni tó bá so irú ẹ̀rọ ilé yìí mọ́ kọntírólà tó wà lórí +4 á máa yí gain, ìyẹn bọ́tìnì tó ń fi kún agbára ohùn tó ń wọlé, sókè ṣáá, ariwo bí òjò á sì máa bá ohùn jáde. Ó tún ní òdìkejì. Tí míkísà yín bá lè tì tó +22 dBu tí kọntírólà ò sì lè gbà ju +18 lọ, ohùn á ti fọ́ kí míkísà tó tan iná pupa. Ẹ wo nọ́ńbà yìí nínú ìwé ẹ̀rọ méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Èmi, orin tí mo mọ̀ dáadáa ni mo máa ń fi sí i, màá yí ámpù wálẹ̀ pátápátá, màá gbé míkísà dé 0, màá wá rí i pé ó ku bíi 12 dB kí mítà kọntírólà tó kan òkè.

Tó bá ń kùn bí oyin nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ẹsẹ̀ ilẹ̀ lára púlọ́ọ̀gì. Iná lè gbé akọrin tó di gbohùngbohùn mú. Orísun iná kan náà ni kí ẹ ti fa ti míkísà àti ti ámpù, tàbí kí ẹ fi tiransifọ́mà ohùn sáàárín.

Ti díjítà, AES3, ọdún 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà ẹ̀ jáde. Nọ́ńbà ló ń gbé wá, kébù kan ṣoṣo sì ń gbé ọwọ́ òsì àti ọwọ́ ọ̀tún pọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ò lè mú un kùn. Kò sí gain tí ẹ máa yí kiri, 0 dBFS ni òrùlé, ohùn kì í kọjá ibẹ̀. Àmọ́ XLR kan náà ló ń lò, ohun tó kó mi sí yọ́ọ́yọ́ọ́ nìyẹn níbi ìgbéyàwó kan ní Parakin. Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà, orin ò dún. Kébù wà níbi tó yẹ, ámpù wà lórí iná. Ẹni tó lo kọntírólà kẹ́yìn ló fi í sórí AES, èmi sì ń ti ánálọ́ọ̀gì bọ̀ ọ́. Látọjọ́ náà, ojú ewé ìwọlé ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí kí n tó kan ohunkóhun.

Kébù AES, 110 ohm ni (ìwọ̀n bó ṣe ń tako iná ohùn). Ti gbohùngbohùn lè ṣe é tí kò bá jìnnà, àmọ́ tó bá gùn, ohùn á máa já. Ánálọ́ọ̀gì tó ń bàjẹ́ á kọ́kọ́ máa hó, ẹ ó sì tètè mọ̀. Díjítà ò ní kìlọ̀ fún yín, á kàn dákẹ́ ni. Aago náà tún wà ńbẹ̀: tí míkísà bá wà lórí 48 kHz (sample rate nìyẹn, iye ìgbà tó ń ka ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kọntírólà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aago tiẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó máa gbọ́ "tá, tá" nínú ohùn. Èyí tó bá ní ẹ̀rọ tó ń yí sample rate padà fúnra ẹ̀ ni kí ẹ rà, ó ń gbani lọ́wọ́ wàhálà yìí.

Tí míkísà yín bá jẹ́ Behringer X32 ńlá, tó jẹ́ míkísà díjítà, AES wà lẹ́yìn ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ lò ó: ẹ ò ní sọ ohùn di fóltì kí ẹ tún wá sọ ọ́ di nọ́ńbà padà. Ohun tí etí máa gbọ́ nínú ìyàtọ̀ yẹn kéré. Bí kò ṣe ní kùn lójú iná wa yìí ni mo fi ń lò ó. Tó bá jẹ́ XR18, míkísà díjítà kékeré ti Behringer, ni, kò ní ìjáde AES, ánálọ́ọ̀gì ti tó.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ gbé míkísà àti kébù tiyín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti ohùn bọ gbogbo ojú ìwọlé níkọ̀ọ̀kan, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ wò ó bóyá ó rántí ètò tí ẹ ṣe sí i.