Akoto abojú tàbí akoto aṣíjú: èwo ni ká rà fún ìrìn àjò orí máṣíìnì láti Abẹ́òkúta?

Ẹni tó ń gun máṣíìnì lọ sí Kútọ̀, tó sì ń padà sílé kí oòrùn tó mú, kò ní mọ ìṣòro tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ti ra máṣíìnì tó lágbára díẹ̀, tó ti ń rò ó pé lọ́jọ́ Sátidé kan òun á gba Ìgbó-Ọrà lọ sí Ìsẹ́yìn, kí òun yà wo adágún omi orí òkè ní Adó-Àwáyè, tàbí kí òun gba Ayétòrò já sí Ìmẹ̀kọ. Ó wá ku akoto. Owó ti wà lápò, ó ti dé ìsọ̀, ọlọ́jà sì ti gbé méjì kalẹ̀ níwájú ẹ̀.

Ọ̀kan bo gbogbo orí láti àtàrí dé àgbọ̀n, kò ní oríkèé kankan níwájú. Abojú ni màá máa pe ìyẹn. Èkejì náà bo ojú bákan náà, àmọ́ bọ́tìnì kan wà lábẹ́ àgbọ̀n ẹ̀ tí èèyàn máa tẹ̀, gbogbo apá iwájú á sì gbéra lọ sókè orí. Aṣíjú nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì ti ń ta irú ẹ̀ láti ọdún 1981, nítorí náà kì í ṣe ohun tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọlọ́jà wa ṣì ń fi í hàn bí ẹni ń pidán. Mo ti lo méjèèjì. Abojú mi wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù báyìí.

Akoto ìdajì tí kò ní àgbọ̀n, èyí tí àwọn ọlọ́kadà máa ń fi kọ́ apá máṣíìnì títí wọ́n á fi rí ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lọ́ọ̀ọ́kán, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Nígbà tí àjọ FRSC bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn tí kò dé akoto ní oṣù kìíní ọdún 2009, àwọn ọlọ́kadà kan dé igbá, àwọn mìíràn dé ike ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n èrò pé tìtorí agbófinró la ṣe ń dé akoto kò tíì kúrò lórí àwa náà. Àyẹ̀wò tí ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ìlera tó ń jẹ́ Cochrane gbé jáde lọ́dún 2008, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, fi hàn pé akoto ń dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá 42 nínú 100 láàárín àwọn tí ìjàǹbá máṣíìnì bá ṣẹlẹ̀ sí, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Ẹni tó bá sì ti rí bí èèyàn ṣe ń fi ojú ṣúbú sórí títì kò ní bá ọlọ́jà dúnàá-dúrà lórí akoto tí kò ní àgbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ààbò ni àwọn tó fẹ́ràn abojú fi ń bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn: wọ́n ní ohun tó bá ti ní oríkèé á ṣí lọ́jọ́ ìjàǹbá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ èyí tó yẹ kí ẹ máa wò ni àmì. Akoto tó bá gba ìwé ẹ̀rí Yúróòpù ní aṣọ kékeré kan tí wọ́n rán mọ́ okùn àgbọ̀n ẹ̀. Lẹ́tà E wà níbẹ̀ nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 ni Jámánì, 3 ni Ítálì, 9 ni Sípéènì. Nọ́ńbà mìíràn tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 05 tàbí 06. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 06 ni tuntun, òun ni wọ́n ti fi ìdánwò bí orí ṣe ń yí nínú akoto nígbà tó bá fi ẹ̀gbẹ́ gbá ilẹ̀ kún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà tó kàn wá wà. P túmọ̀ sí pé wọ́n dán apá àgbọ̀n wò, ó sì yege. J ni ti akoto tí kò ní àgbọ̀n. Aṣíjú tó bá ní P/J yege ní pípa àti ní ṣíṣí. Èyí tí wọ́n bá kọ NP sí, àgbọ̀n ẹ̀ ò lè gbà yín, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà. Tí aṣíjú bá ti ní P, ẹ̀rù pé á ṣí fúnra ẹ̀ kò yẹ kó lé yín sá.

Ti àmì DOT, tí í ṣe ìwé ẹ̀rí ti Amẹ́ríkà, ẹni tó ṣe akoto ló ń fúnra ẹ̀ jẹ́rìí pé ó dára, ìjọba kàn ń ra díẹ̀ lọ́jà láti dán wò ni. Sítíkà tó wà lẹ́yìn akoto lásán, ẹnikẹ́ni lè tẹ irú ẹ̀.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Fọ́ọ̀mù funfun inú akoto ló ń gba agbára ìkọlù, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì ń gbà á. Tó bá ti rún, kì í wú padà, ẹ ò sì ní rí i láti ìta. Ta ló mọ ohun tó ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé e?

Ó wá kan ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí.

Àwọn tó ń kọ̀wé nípa akoto ní òkè òkun kì í sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó dúró lójú ọ̀nà, torí wọn ò ní irú ojú ọ̀nà tiwa. Ẹ gbéra ní Abẹ́òkúta kí ẹ dorí kọ Ìmẹ̀kọ. Ìtòsí ààlà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lẹ̀ ń lọ yẹn. Ọlọ́pàá wà lọ́nà, kọ́sítọ́ọ̀mù wà lọ́nà, àwọn ìmígíréṣọ̀n náà wà níbẹ̀, fijilanté àdúgbò sì ti fi igi gbọọrọ dí ibi tó kù. Mi ò bá wọn jà. Ẹni tó gun máṣíìnì ńlá, tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dúdú, tí ojú ẹ̀ wà lẹ́yìn dígí dúdú, èmi náà tí mo bá dúró síbẹ̀, màá ní kó ṣíjú kí n rí i. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti rí ojú yín. Ìbéèrè ni pé báwo lẹ ṣe máa fi hàn wọ́n, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ sì máa ṣe é kí ẹ tó débi tí ẹ̀ ń lọ.

Tí abojú bá wà lórí yín, tí ẹ sì ń lo awò ojú, bó ṣe ń lọ nìyí. Ẹ ó dúró, ẹ ó fi sítáǹdì lélẹ̀. Ẹ ó bọ́ ìbọ̀wọ́ méjèèjì, torí ìbọ̀wọ́ kì í jẹ́ kí ọwọ́ rí okùn àgbọ̀n tú. Ẹ ó yọ awò ojú kí ẹ tó yọ akoto, torí bí ẹ bá yọ akoto mọ́ ọn, apá awò á há. Ẹ ó wá gbé awò yẹn sórí táńkì, tàbí kí ẹ fi eyín mú un. Ẹ ó yọ akoto, ẹ ó kí wọn, ẹ ó gbé awò padà sójú kí ẹ tó lè rí ìwé máṣíìnì tí wọ́n ní kí ẹ mú wá. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn wá. Tí ẹ bá ṣe tán, tí ẹ rìn díẹ̀, igi mìíràn ti wà níwájú.

Lójú ọ̀nà kan níbẹ̀, ẹni tó dá mi dúró ń kánjú. Ó ń pariwo pé kí n yára, mo sì fa akoto yọ mọ́ awò lójú. Apá òsì awò dá. Mo fi sẹ́lótéèpù dì í délé, ó ń yẹ̀ lójú mi ní gbogbo kòtò tí mo bọ́ sí. Owó férémù tí mo ra padà ní Ìbàrà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí aṣíjú fi wọ́n ju abojú tí mo rà lọ. Ẹ ro ìyẹn mọ́ owó tí ọlọ́jà bá dá lé abojú fún yín.

Pẹ̀lú aṣíjú, àtàǹpàkò òsì ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Máṣíìnì ò tíì dúró tán, ojú mi ti wà níta.

“Ẹ kúuṣẹ́ o, ọ̀gá.”

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ̀ ń lọ pẹ̀lú ẹrù yìí?”

“Ìmẹ̀kọ ni. Mo fẹ́ lọ kí àwọn èèyàn wa níbẹ̀.”

“Ẹ rọra máa gun nǹkan yìí o.”

Ó parí náà nìyẹn. Awò ò kúrò lójú, ìbọ̀wọ́ ò kúrò lọ́wọ́. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá tètè rí ojú èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín kì í sábà béèrè ìwé kejì.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ilé wa. Lọ́nà Ìgbó-Ọrà tàbí Ayétòrò, ẹ̀rọ ìtọ́nà inú fóònù kì í fìgbà gbogbo mọ ọ̀nà tó ti bàjẹ́ àti èyí tí wọ́n ń gbà báyìí. Màmá tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì ló mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bó ṣe máa rí kí ọmọ Yorùbá dúró lórí máṣíìnì, kó máa kí àgbàlagbà láti inú ike dúdú, kí ohùn ẹ̀ máa dún húnhún. Màmá yẹn á wo yín láti òkè délẹ̀, á sì tẹ̀ síwájú nínú àgbàdo ẹ̀. Ó tọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tí ojú bá ṣí, tí ẹ̀yin náà sì rọ orí díẹ̀, wọ́n á sọ ọ̀nà fún yín, wọ́n á sọ ibi tí omi ti ya títì, wọ́n tún lè fún yín lágbàdo.

Kí n má bàa dà bí ẹni tó gbàbọ̀dè, ẹ jẹ́ kí n yára ka ohun tí abojú fi ju aṣíjú lọ. Ó fúyẹ́: abojú tó dáa máa ń wọn nǹkan bí kílò kan àbọ̀, aṣíjú a sì máa fi igba gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jù ú, ọrùn á sì mọ̀ ọ́n tí ọ̀nà bá jìn. Ariwo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kéré sí i. Láàárín akoto tí ilé-iṣẹ́ kan náà ṣe, òun náà ló máa ń dín lówó. Kò ní oríkèé tí eruku ọyẹ́ máa wọ̀. Ti aṣíjú, ẹ ní láti máa fi búrọ́ṣì ìfọyín tó ti gbẹ gbá a jáde.

Ooru kò yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní oṣù kẹta ní Abẹ́òkúta, akoto tó tutù kò sí, àfi pé ẹ lè ṣí aṣíjú tí gósílóò bá mú yín ní Láfẹ́nwá, kí ẹ mí. Ẹ rí i pé aṣọ inú ẹ̀ ṣeé yọ fọ̀.

Òjò le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá pa dígí dé, tí èémí yín sì gbóná, kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹ̀ á fi rí bí ìdérí ìkòkò ìrẹsì tó ń hó. Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ ẹ̀ ni Pinlock, ìyẹn ike tẹ́ẹ́rẹ́ kejì tí wọ́n ń fi sínú dígí, tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ sì há sáàárín méjèèjì. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ dígí lápá ọ̀tún àti òsì bóyá pínnì kékeré tó máa di í mú wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, dígí yẹn ò lè gba Pinlock. Ẹ má sì gbà fún mẹkáníìkì tó fẹ́ fi bẹntiróòlù nu ún fún yín o. Ọṣẹ díẹ̀ àti omi lásán ló fẹ́, bẹntiróòlù máa ń ba ike dígí jẹ́, ó sì ń ba ara akoto tó jẹ́ ike náà jẹ́.

Ẹni tó máa jókòó sẹ́yìn yín náà nílò tiẹ̀. Tó bá jẹ́ obìnrin, ọjọ́ tó bá di irun àti ọjọ́ tó tú u, orí ẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n kan náà. Irun tó bá máa dì fún ìrìn àjò ni kó dì wá sí ìsọ̀.

Kí ni kí ẹ wá rà? Méjèèjì dára tí àmì ẹ̀ bá pé. Ẹni tí kì í lo awò ojú, tó jẹ́ pé òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló ń sá lọ sá bọ̀, tí kì í yà síbi kankan, tí kò sì ní nǹkan í bá ẹnikẹ́ni sọ lọ́nà, abojú ni kó rà. Ẹni tó fẹ́ rí ìlú, aṣíjú ni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi tépù àwọn télọ̀ wọn orí yín yíká, díẹ̀ sókè ojú, kí ẹ sì bá ọlọ́jà wo ìwọ̀n tó wà nínú akoto. Ẹ dé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tó bá ń tẹ iwájú orí yín síbì kan ṣoṣo, á di ẹ̀fọ́rí kí ẹ tó dé Ọ̀dẹ̀dá. Ẹ gbé awò wọ̀ ọ́. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ òsì nìkan ṣí i, ẹ pa á, ẹ tún ṣe é títí ó fi máa sú ọlọ́jà. Tí ìkọ́ tó ń di àgbọ̀n mú bá jẹ́ irin, ó sàn ju ike lọ. Tí ọlọ́jà bá ní àfi tí ẹ bá kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó dé e wò, ẹ kí i pé ó dìgbà kan ná, kí ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.