Provisional ballot: ìwé ìdìbò inú àpòòwé tí wọ́n fún mi ní Amẹ́ríkà

Nígbà tí mo dé ibùdó ìdìbò wa ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, orúkọ mi kò sí nínú ìwé àwọn olùdìbò. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí àdúgbò tuntun ni, mo sì rò pé àdírẹ́sì tí mo fi ránṣẹ́ ti wọlé. Àyà mi já, nítorí pé nílé ní Nàìjíríà, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé yóò padà sílé láìdìbò ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà nídìí tábìlì fún mi ní ohun tí wọ́n ń pè ní provisional ballot, ìyẹn ìwé ìdìbò kan pẹ̀lú àpòòwé tí mo kọ orúkọ àti àdírẹ́sì mi sí, tí mo sì fọwọ́ sí pé mo lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Lẹ́yìn ìdìbò ni wọ́n ń wádìí. Bí ohun tí ènìyàn sọ bá jẹ́ òótọ́, wọn yóò ṣí àpòòwé náà, wọn yóò sì ka ìbò rẹ̀ mọ́ ti àwọn yòókù.

Inú ìjà ni ètò yìí ti jáde. Nínú ìdìbò ààrẹ ọdún 2000, ìbò 537 péré ni George W. Bush fi borí Al Gore ní Florida, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Síbẹ̀, kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ẹgbẹ́ méjèèjì jọ ṣe òfin Help America Vote Act. Bob Ney ti ẹgbẹ́ Republican àti Steny Hoyer ti ẹgbẹ́ Democrat ló ṣagbátẹrù rẹ̀ ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú. Ní ilé ìgbìmọ̀ àgbà, ìbò 92 sí 2 ni wọ́n fi gbà á wọlé. Bush buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 29, oṣù kẹwàá, ọdún 2002. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ti ń lo irú ìwé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin yìí ló sọ ọ́ di ẹ̀tọ́ olùdìbò ní èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Òun náà ló ní kí ibùdó kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí afọ́jú lè fi dìbò láìjẹ́ pé ẹlòmíràn mọ ẹni tí ó yàn.

Ohun tó wú mi lórí jù ni ìwé kékeré tí wọ́n fún mi mú lọ, nítorí pé òfin pa á láṣẹ kí olùdìbò lè wádìí lọ́fẹ̀ẹ́ bóyá wọ́n ka ìbò rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ìdí fún un bí wọn kò bá kà á. Ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, mo tẹ nọ́ńbà inú ìwé náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì rí i pé wọ́n kà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka gbólóhùn náà.

Ti àbúrò mi ọkùnrin, tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ mìíràn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ṣèèṣì lọ sí ibùdó tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n fún un ní àpòòwé, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé gbogbo ìbò inú rẹ̀ ni wọn yóò dà nù, títí kan ti ààrẹ tí kò yàtọ̀ láti ibùdó kan sí èkejì. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni òfin náà fi ìyẹn sí: àwọn kan ń ka ìbò fún àwọn ipò tí ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí, àwọn mìíràn ń da gbogbo rẹ̀ nù. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé ẹgbẹ́ méjèèjì ṣì lè fìmọ̀ ṣọ̀kan bí wọ́n bá fẹ́. Ní ìparí ọdún 2022, Susan Collins ti ẹgbẹ́ Republican àti Joe Manchin, tó wà nínú ẹgbẹ́ Democrat nígbà náà, ṣáájú àwọn tó tún òfin ọdún 1887 lórí kíka ìbò ààrẹ ṣe, tó fi jẹ́ pé ìdá kan nínú márùn-ún ilé ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó lè tako ìbò ìpínlẹ̀ kan. Irú ìfìmọ̀ṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni mo ń fẹ́ fún àpòòwé àbúrò mi.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún ètò ìwé ìdìbò inú àpòòwé yìí. Bí wọ́n bá fún yín ní àpòòwé, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ibùdó yín gan-an nìyẹn kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì sọ ìwé tí nọ́ńbà yín wà nínú rẹ̀ nù.