Rọ́bà líle, rọ́bà olómi, jẹ́ẹ̀lì, oògùn inú ìgò: èwo ni ká rà fún ọmọ tó ń hu eyín?

Kí eyín ọmọ tó yọ ni ọlọ́jà ti mọ ohun tó máa tà fún ìyá rẹ̀. Ní Kàbà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú, nǹkan mẹ́rin ló sábà máa ń wà lórí tábìlì: rọ́bà líle, rọ́bà tí omi wà nínú rẹ̀, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa èrìgì, àti oògùn olómi. Rọ́bà líle kan àti aṣọ mímọ́ méjì ti tó.

Eyín ìsàlẹ̀ níwájú ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ, ní nǹkan bí oṣù 6. Ti ọmọ mìíràn á yọ ní oṣù 4, ti òmíràn á dúró títí di ọdún 1. Kí gbogbo 20 tó pé, ọmọ á ti tó bí ọdún 3. Rọ́bà yẹn máa pẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fara balẹ̀ yàn án.

Líle tàbí olómi?

Nínú rọ́bà líle, ti sílíkóònù la fẹ́ràn jù: odidi kan ṣoṣo, tí kò ní ojú ìsopọ̀, tí wọn ò so ìlẹ̀kẹ̀ tàbí agogo wẹ́wẹ́ mọ́. Ẹ fi páálí tó máa ń wà láàárín tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bó bá gba inú rẹ̀ kọjá, ó lè há ọmọ lọ́fun, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ fà á, ẹ lọ́ ọ, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí tó ti ń sán, oòrùn orí tábìlì ló ti bà á jẹ́. Ọmọ á já a gé, á sì gbé e mì.

Sílíkóònù ṣeé sè: ìṣẹ́jú 5 nínú omi tó ń hó. Rọ́bà olómi kò ṣeé sè, nítorí ó lè bẹ́. Òótọ́ ni pé òtútù máa ń pẹ́ lára rẹ̀ ju ti líle lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí eyín méjì bá ti yọ, ọmọ lè dá a lu, kí omi inú rẹ̀ dà sí i lẹ́nu. Ọlọ́jà á ní kí ẹ gbé e sínú fíríìsà. Ẹ má dá a lóhùn: á le bí òkúta, á sì ṣe èrìgì léṣe. Fíríìjì ni, ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège ńkọ́? Ẹ fi rọ́bà líle tí ẹ ti fọ̀ sínú abọ́ tó ní ìdérí, kí abọ́ náà léfòó lórí omi àmù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Kì í tutù bíi ti fíríìjì, ṣùgbọ́n ó tó fún èrìgì.

Ti aṣọ kò le. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ sè tó ti tutù, ẹ fún un dáadáa, kí ọmọ máa rún etí kan bí ẹ ṣe di etí kejì mú.

Ohun tí kò yẹ kówó jáde fún

Itọ́ ọmọ á fọ jẹ́ẹ̀lì lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tó ní benzocaine, oògùn tó ń pa ìrora níbi tí wọ́n bá fi pa, tún léwu: ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè gbé atẹ́gùn bó ṣe yẹ. Ní 2018, FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n má tà á fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n kìlọ̀ nípa ìlẹ̀kẹ̀ eyín tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ lọ́rùn, nítorí ó lè fún un pa lójú oorun. Bí ìyá àgbà bá fẹ́ so ó, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ wọ́n.

Oògùn eyín olómi ló ń dẹ́rù bà wá jù. Láti 2008 wọ 2009, ọmọ 84 kú ní Nàìjíríà lẹ́yìn tí wọ́n lo ọ̀kan tó ń jẹ́ My Pikin, nítorí kẹ́míkà diethylene glycol tó wà nínú rẹ̀, tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́.

Bí ìrora bá pọ̀, pàrásítámọ́ọ̀lù ọmọdé ni kí ẹ rà ní ilé oògùn, kì í ṣe lórí tábìlì. Ẹ ka ara ìgò: oríṣi méjì ló wà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Ti sírọ́ọ̀bù sábà máa ń jẹ́ 120 mg nínú 5 ml. Ti èyí tí wọ́n ń kán lè jẹ́ 100 mg nínú 1 ml péré. Ọmọ tó wúwo tó kílò 8 nílò 80 sí 120 mg. Nínú sírọ́ọ̀bù, kò ju 5 ml lọ. Nínú ti kíkán, kò ju 1.2 ml lọ. Ẹni tó bá wọn 5 ml nínú ti kíkán ti fún ọmọ ní 500 mg! Ẹ má fi ṣíbí ọbẹ̀ wọ̀n ọ́n. Wákàtí 4 sí 6 ló yẹ kó wà láàárín, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 3, àfi bí dókítà bá sọ.

Eyín lè mú ara lọ́ díẹ̀. Bó bá dé 38°C, tàbí tí ọmọ ń ṣu omi, ẹ má rò pé eyín ló fà á: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bóyá ibà ni.