Éjẹ́ńtì tí kò béèrè ọkọ lọ́wọ́ mi

Bí obìnrin tó ń dá gbé bá ń wá ilé ní Sùúrùlérè, màmá éjẹ́ńtì kan wà ní Àgùdà, nítòsí ọjà, tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí iṣẹ́ wọn. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò tóbi: tábìlì kan, bẹ́ǹṣì kan, àti pátákó dúdú tí wọ́n ń fi ẹfun kọ àwọn ilé tó ṣófo sí.

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni mí. Léèsì ni mò ń tà ní Balógun, n kò sì lọ́kọ. Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ló ń mówó wọlé fún mi jù. Ṣàṣà ni oníbàárà tó máa sanwó tán tí kò ní gbàdúrà pé tèmi náà á kàn láìpẹ́. Mo máa ń ṣe àmín, torí ìfẹ́ ló mú wọn sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe wà yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Mo ti sọ fún màmá mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí wọ́n má jẹ́ kí àwọn tó ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa jẹ ìrẹsì ìgbéyàwó mi kó wọn láyà sókè mọ́. Mò ń tọ́jú wọn, mò ń san owó ilé-ìwé ọmọ àbúrò mi, bó bá di Sọ́ńdè mo lè sùn títí dìgbà tó bá wù mí.

Àfi tí mo bá ń wá ilé ni ọ̀rọ̀ ọkọ máa ń dùn mí. Éjẹ́ńtì kan ní Ògbà gba owó fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ mi tán kó tó sọ pé onílé kì í gba obìnrin tí kò lọ́kọ. Ó ní kí n mú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wá, kó dúró bí ọkọ lọ́jọ́ tí a máa fọwọ́ sí ìwé. Mo ní àwọn ọ̀rẹ́ tó ti ṣe bẹ́ẹ̀, n kò bá wọn wí, ibi tí wọ́n máa forí pamọ́ sí ni wọ́n ń wá. Èmi kọ̀, torí n kò fẹ́ fi irọ́ wọ ilé tí màá máa sùn sí. Òmíràn ní Ògbà náà ní kí n san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, pé kò sí ọkọ tí àwọn máa dì mú bí owó bá há. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé yíyá tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, kò yọ Ògbà.

Màmá Àgùdà ṣí ìwé gígùn kan, wọ́n sì ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń dáhùn. Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ṣọ́ọ̀bù yín dà? Kí ló dé tí ẹ fi ń kó kúrò níbi tí ẹ wà? Ṣé ẹ máa ń tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú? Ẹ fún mi ní nọ́ńbà onílé yín. Mò ń retí kí wọ́n béèrè ọkọ, wọ́n pa ìwé dé. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wá bá mi ní Balógun, wọ́n jókòó wo bí mo ṣe ń tajà, wọ́n sì pe onílé mi lójú mi: "Ṣé ó jẹ yín lówó?" Onílé ní rárá.

Nígbà tí a dé mínì-fláàtì tí wọ́n bá mi rí, wọ́n ṣí omi kíṣìnnì àti ti balùwẹ̀, wọ́n jẹ́ kó dà títí tí ó fi mọ́, wọ́n tẹ mítà kí n rí i pé kò sí gbèsè lórí ẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n mì í. "Àǹtí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa sùn síbí, irin ilẹ̀kùn yìí kò le tó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ kí ẹ tó sanwó." Wọ́n pààrọ̀ ẹ̀ lóòótọ́.

Bàbá onílé ló wá béèrè: "Ọmọ mi, ọkọ ẹ ńkọ́?"

Màmá gba ẹnu mi: "Bàbá, kò lọ́kọ. Ẹni tó kó jáde níjẹlòó, ṣebí tìyàwó tọmọ ló fi jẹ yín lówó. Èyí kò jẹ ẹnikẹ́ni, mo ti wádìí ẹ̀."

Bàbá yẹ ìwé náà wò, wọ́n ní kí n lọ sanwó. Inú mi dùn gan-an sí ìdáhùn yẹn. Màmá ò bẹ̀bẹ̀ fún mi, wọn ò sì ṣe bí ẹni tó ń bo àbùkù mi mọ́lẹ̀. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́, tó ń sanwó, ó yẹ kó lè yá ilé lórúkọ ara ẹ̀. Orúkọ tèmi nìkan ló wà nínú àgírímẹ́ńtì.

Owó ilé ọdún kan jẹ́ ₦1,200,000. Kọmíṣàn jẹ́ ₦120,000, àgírímẹ́ńtì ₦120,000, owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí wọ́n ń dì mú nítorí bí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ilé, ₦100,000. Kọ́ṣọ̀n yẹn pọ̀ lójú tèmi, mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dín in. Lọ́yà tó kọ àgírímẹ́ńtì náà tún fi nǹkan falẹ̀, màmá ò sì lè lé e bó ṣe yẹ. Rìsíìtì owó ilé, ọjọ́ tí mo sanwó ni wọ́n já a fún mi, ṣùgbọ́n ti kọmíṣàn, àfi kí ẹ fẹnu ara yín béèrè. Wọn kì í gbé fóònù bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, nítorí náà àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń kọ ilé tuntun sórí pátákó.