Ewúrẹ́ ilé àbí ewúrẹ́ pupa Sókótó: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún oko ẹbí?

Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ewúrẹ́ ló ń bi mí ní ìbéèrè yìí, torí náà ẹ jẹ́ n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ti mọ̀ pé tiwa kúkúrú, pé ti Sókótó ga ó sì pupa, mi ò ní fìyẹn gba àkókò yín. Mo ti sin méjèèjì lóko bàbá mi lẹ́yìn Ìkirè, ohun tójú mi rí ni màá sọ.

Tó bá jẹ́ ti ìwọ̀n, Sókótó ló nì í. Ewúrẹ́ ilé tó dàgbà tán sábà máa ń wà láàárín kílò 20 sí 25, ti Sókótó á wọ 25 sí 30, ẹni tó wá ra ẹran ayẹyẹ á ti nàka sí i látọ̀ọ́kán. Wọ́n tún máa ń yìn ín nítorí awọ, lóòótọ́ awọ rẹ̀ dáa gan-an fún bàtà àti báàgì, àmọ́ níbí wiwi la máa ń wi ewúrẹ́ lórí iná, a sì ń jẹ awọ mọ́ ẹran, ẹni tó ń ṣe asùn ò ní fi kọ́bọ̀ kan kún owó yín torí awọ.

Bíbí: àwọn méjèèjì ló ń bí ìbejì, oṣù márùn-ún náà ni wọ́n ń lóyún. Èyí tí mo kọ́kọ́ ní nínú ewúrẹ́ ilé bímọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì, ìbejì ni lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀.

Oúnjẹ: èèpo pákí tẹ́ ẹ sá gbẹ dáadáa, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé inú oko, kò sí ìyàtọ̀ àfi pé Sókótó ń jẹ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ àìsàn wá ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà. Ọdún 2019, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo ra ewúrẹ́ Sókótó 12, tírélà ló kó wọn wá, ẹni tó tà wọ́n fún mi sọ pé ara wọn le bí òkúta, lóòótọ́ wọ́n ń dán, àwọn aládùúgbò ń wá wò wọ́n. Òjò wá dé. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹfà wọ́n ń jẹun o, ikùn wọn ń yọ, síbẹ̀ egungun ìhà wọn ń hàn, mo rò pé aràn ni, mo ra oògùn aràn, kò yí padà. Màmá mi ló wá sọ pé ẹran yìí ò lẹ́jẹ̀ lára. Wọ́n di ọ̀kan mú, wọ́n fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú rẹ̀ ìsàlẹ̀ wálẹ̀, inú rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan wá nínú tiwa, wọ́n ṣe bákan náà, inú ìyẹn pupa bí àwẹ́ obì. Inú ọgbà kan náà ni wọ́n wà o, abẹ́ òjò kan náà.

Dókítà ẹran gbẹ̀jẹ̀ létí wọn, ó ní kòkòrò tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi nìyí: lókè lọ́hùn-ún tó gbẹ, eṣinṣin yẹn ò pọ̀, ewúrẹ́ ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n rí, àmọ́ ewúrẹ́ tiwa ti ń bá a gbé láti ìrandíran, kòkòrò yẹn lè wà lára rẹ̀ kó ṣì máa jẹun, kó lóyún, kó bí i. Kì í ṣe pé kò lè mú un rárá o, tébi bá ń pa á tàbí tí aràn bá pọ̀ nínú rẹ̀ òun náà á ṣubú. A gún gbogbo àwọn Sókótó lábẹ́rẹ́, ara wọn yá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó tún bẹ̀rẹ̀. Nínú 12, mẹ́rin ló kù. Owó tí mo ta mẹ́rin yẹn ò tó èyí tí mo ná lórí abẹ́rẹ́. Mẹ́sàn-án ni ewúrẹ́ ilé tí mo ní nígbà yẹn, mẹ́sàn-án náà ló rí ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ má wá jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kata, àrùn tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, kì í pa ewúrẹ́ ilé. Ó ń pa á, ó tiẹ̀ le mọ́ tiwa ju ti òkè ọ̀hún lọ: ikun nímú, ojú á máa ṣomi, egbò lẹ́nu, ìgbẹ́ gbuuru, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ọgbà ti ṣófo. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ wà, ní Vom lẹ́bàá Jos ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹ gún wọn. Èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ewúrẹ́ ilé ní tiẹ̀ náà: ó ń fo fẹ́ǹsì, ó sì ti jẹ àgbàdo onílé kejì mi débi tí mo fi lọ bẹ̀ wọ́n. Ẹ ṣe fẹ́ǹsì yín dáadáa.

Ewúrẹ́ Kalahari Red tí FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀, kó wá láti South Africa sí Abẹ́òkúta tóbi, ó sì wuyì, àmọ́ kì í ṣe ẹran tí èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀.

Tó bá jẹ́ apá Ṣakí tàbí Ìgbòho lẹ wà, níbi tó gbẹ díẹ̀, tí dókítà ẹran ò sì jìnnà, ẹ lè ra Sókótó, owó rẹ̀ á jáde. Tó bá jẹ́ inú igbó lẹ wà bíi tèmi, ẹ ra ewúrẹ́ ilé márùn-ún tó ti bí ìbejì rí, ẹ rà wọ́n lọ́wọ́ àwọn ìyá abúlé dípò ọjà, kẹ́ ẹ sì wá òbúkọ kan láti abúlé mìíràn kí wọ́n má baà máa gun ara wọn lẹ́bí. Ibi yòówù kẹ́ ẹ ti rà á, ẹ fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó sanwó.