Ìtọ́jú Àyíká àti Ààbò Lẹ́nu Iṣẹ́: Ìfiwéra fún Ẹni tó Fẹ́ Forúkọ Sílẹ̀ ní Òṣogbo

Ẹni tó bá dúró ní oríta Ọlá-Ìyá ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, tó sì gbójú sókè wo ara òpó iná, yóò rí páálí tó ń kéde ẹ̀kọ́ HSE, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìlera, ààbò àti àyíká, pẹ̀lú ìlérí ìwé-ẹ̀rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹni náà bá wọkọ̀ lọ sí pólì tàbí yunifásítì, ọdún méjì, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni wọn yóò dá fún un lórí ohun tí orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Orúkọ ló jọra, ọjà náà kò jọra rárá. Àwọn òbí àti ọ̀dọ́ tó ń múra àtisan owó ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Lójú tèmi, ohun tí ènìyàn ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ìyẹn ìwé tó ti kà tàbí iṣẹ́ ọwọ́ tó ti kọ́, ló yẹ kó pinnu èyí tí yóò rà, kì í ṣe bí owó rẹ̀ ti kéré tó tàbí bí yóò ti tètè parí tó.

Ẹ̀kọ́ méjì nínú àpò kan

Ẹ̀kọ́ ààbò ń tọ́jú ara òṣìṣẹ́: ojú, etí, ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀yìn àti ìka ọwọ́ rẹ̀, kó lè padà sílé nírọ̀lẹ́ bó ṣe kúrò nílé láàárọ̀. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú àyíká ń tọ́jú ohun tó wà lẹ́yìn ògiri ilé-iṣẹ́: omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀ àti àwọn aládùúgbò. Òfin tó gbé wọn dúró ní Nàìjíríà kò tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Lọ́dún 1988, lẹ́yìn tí wọ́n rí ìdọ̀tí olóró tí wọ́n kó láti Ítálì wá sí Kókó, tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta lónìí, ni ìjọba àpapọ̀ ṣòfin tó dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. Òfin tó ní kí a yẹ ipa iṣẹ́ ńlá wò lára àyíká kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí EIA, tẹ̀lé e ní 1992, òfin NESREA, àjọ tó gba iṣẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀, sì rọ́pò ti FEPA ní 2007. Ní ti ààbò, Factories Act ló ń sọ bí ilé-iṣẹ́ ṣe gbọdọ̀ rí, nígbà tí òfin kan tó jáde ní 2010 sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sí àpò NSITF, kí ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ lè rí nǹkan gbà.

Ìdí tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀kọ́ ààbò ṣeé fi lé orí iṣẹ́ tí ènìyàn ti mọ̀, bí ìgbà tí a fi ìlẹ̀kùn sí ilé tó ti dúró. Kẹ́mísìrì àti bàọ́lọ́jì ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú àyíká, ìpìlẹ̀ yẹn kì í sì í gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tó bá sọ pé òun yóò fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ yín ní méjèèjì, orúkọ wọn ló fẹ́ kọ́ yín.

Ìwé-ẹ̀rí ọlọ́jọ́ díẹ̀

Èyí ni wọ́n sábà máa ń pè ní HSE 1, 2 àti 3. Ó wúlò fún ẹni tí agbanisíṣẹ́ ti gbà tán, tí wọ́n sì ní kó mú ìwé wá kí wọ́n tó jẹ́ kó wọ ọgbà iṣẹ́. Fún ẹni tí kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, páálí lásán ni. Mo ra ọ̀kan ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo sì kábàámọ̀ rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì la jókòó sí, ọjọ́ méjì dípò mẹ́ta tí wọ́n kéde. Olùkọ́ ń ka ohun tó wà lára ògiri sí wa létí, wọ́n sì ti ka ìdáhùn fún wa kí wọ́n tó pín ìbéèrè ìdánwò. Ìgò irin pupa tí a fi ń paná wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn yẹn láti àárọ̀ ọjọ́ kìíní, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà, lọ́dọ̀ panápaná kan, ni mo tó kọ́ pé ènìyàn gbọdọ̀ fa irin kékeré tó há a lọ́rùn yọ, kó dojú rẹ̀ kọ ìdí iná, kì í ṣe ahọ́n iná tó ń là lókè, kó fún ọwọ́ rẹ̀ pọ̀, kó sì máa gbá a sọ́tùn-ún sósì títí yóò fi kú. Kíkọ́ rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nítorí náà, ẹ béèrè ohun tí ọwọ́ yín yóò kàn kí ẹ tó béèrè iye tí ẹ máa san. Ẹ tún wádìí bóyá ISPON, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ààbò tí òfin 2014 gbé dìde, mọ ilé-ẹ̀kọ́ náà rí.

NEBOSH àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Láti 1979 ni NEBOSH, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fọwọ́ sí ló ń kọ́ni. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dánni wò, kó sì fúnni ní ìwé. International General Certificate ni àwọn ará wa ń lé jù. Apá méjì ló ní, IG1 lórí ìmọ̀, IG2 lórí ojú iṣẹ́. Ẹ kíyè sí i pé ó ní ìwé-ẹ̀rí ìtọ́jú àyíká lọ́tọ̀, tó ní ìdánwò tirẹ̀. Àwọn náà kò po méjèèjì pọ̀.

IG2 ni mo fi ń mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó kọ́ ìwé sórí. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọdọ̀ lọ síbi iṣẹ́ gidi kan, kó wá ewu mẹ́wàá jáde láti inú ìsọ̀rí tí kò dín ní márùn-ún, kó sọ ẹni tí ewu náà lè pa lára àti bí yóò ṣe ṣẹlẹ̀, kó kọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i, ohun tó kù, ẹni tí yóò ṣe é àti ọjọ́ tí yóò parí. Àbúrò mi kan lọ ṣe tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá ajórin kan nítòsí Old Garage. Kó tó kí wọn tán, bàbá ti pa ẹ̀rọ.

“Ọ̀gá, ṣé wolé-wolé ni yín ni àbí ará NEPA?”

“Rárá o, bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ wò.”

“Ó dáa, jókòó síbẹ̀ yẹn. Má wo iná o.”

Bàbá tó ní kí ó má wo iná, awò oòrùn lásán ló fi bo ojú tirẹ̀. Wáyà ẹ̀rọ ti bó, ibi tó ti bó sì wà nínú omi òjò tó dúró sílẹ̀. Ìgò gáàsì dùbúlẹ̀ nínú oòrùn. Ọmọ iṣẹ́ méjì ń fi ẹ̀yìn gbé géètì irin, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ń han gooro, èéfín irin tí wọ́n fi síǹkì bò sì ń wọ gbogbo wọn nímú. Àwọn ajórin mọ ibà tí èéfín yìí máa ń dá sí wọn lára lálẹ́, mílíìkì ni wọ́n sì máa ń mu sí i; ṣùgbọ́n ọ̀nà ikùn ni mílíìkì ń gbà, èéfín kò gba ibẹ̀ wọlé.

Nínú iṣẹ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ kọ, akoto, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ló fi dá gbogbo ewu náà lóhùn. Olùkọ́ rẹ̀ dá a padà fún un, ibẹ̀ ni mo sì ti mọ̀ pé owó rẹ̀ kò bọ́ sómi. Ohun tí à ń wọ̀ sára ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Kí a kọ́kọ́ mú ewu náà kúrò pátápátá. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí a fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Kí a fi ìbòjú tàbí fáànù tó ń fa èéfín jáde ya òṣìṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò nínú rẹ̀. Kí a tún ètò iṣẹ́ tò. Kí ó tó wá kan ìbọ̀wọ́. Bí bàbá yẹn bá ń fá síǹkì kúrò lójú ibi tó fẹ́ jó, tó sì ń jókòó síbi tí atẹ́gùn kò ti ní gbé èéfín sí i lójú, owó mílíìkì yóò dín kù.

Àléébù NEBOSH ni pé pọ́n-ùn ni wọ́n fi ń ka owó ìdánwò rẹ̀, nítorí náà iye tí wọ́n bá dá fún yín lóṣù yìí lè máà tó lóṣù tó ń bọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ IOSH, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ààbò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi lọ̀ yín, ẹ̀kọ́ Managing Safely tiwọn kò ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún lọ, ó sì dára fún ọ̀gá iṣẹ́ tó ní àwọn ènìyàn lábẹ́ rẹ̀ ju ẹni tó ń wá iṣẹ́ lọ.

Pólì àti yunifásítì

Ọ̀nà pólì ni ọdún méjì fún ND, ọdún kan fún IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, àti ọdún méjì mìíràn fún HND. Ti yunifásítì jẹ́ ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. NBTE ló ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ pólì, NUC sì ni ti yunifásítì, ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń fọwọ́ sí, kì í ṣe ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá gbé ọmọ lọ sí Ẹdẹ, Ìrèé tàbí Ẹ̀sà-Òkè, tàbí tí ẹ mú un dúró sí Òṣogbo níbí, orúkọ ẹ̀kọ́ náà gan-an ni kí ẹ wá nínú ìwé àwọn àjọ wọ̀nyí. Ẹni tó bá gba HND tàbí dìgírì láìtíì pé ọmọ 30 ọdún yóò sin ìjọba nínú NYSC, èyí tí ND àti ìwé-ẹ̀rí ọlọ́jọ́ díẹ̀ kò lè ṣe fún ẹnikẹ́ni.

Láàbù ni kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n fún ẹ̀kọ́ àyíká. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní BOD, tó ń fi bí àwọn kòkòrò inú omi ṣe ń mu afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó hàn wá. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò bu omi sínú ìgò, yóò dé e pa, yóò sì gbé e sínú òkùnkùn fún ọjọ́ márùn-ún gbáko ní ìwọ̀n òtútù-ooru 20 lórí Celsius. Ọjọ́ márùn-ún láìjẹ́ kí iná kú, ní Nàìjíríà! Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá dé láàbù, ẹ béèrè ohun tó ń gbé iná ẹ̀rọ yẹn lóru. Bí wọ́n bá na ìka sí sólà tàbí jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì ní epo rẹ̀, wọ́n ń ṣe àyẹ̀wò náà lóòótọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, orí bọ́ọ̀dù nìkan ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí BOD. A kò sì lè sọ pé kò sí omi tí wọ́n lè yẹ̀ wò: odò Ọ̀ṣun tó ń ṣàn gba inú igbó tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005 kọjá ti pọ́n bí omi àmọ̀ láti ọdún mélòó kan, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ilé-ẹ̀kọ́ àyíká tó wà lágbègbè wa tí kò kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bu omi odò yẹn rí, mi ò mọ ohun tó ń kọ́ wọn.

Ọ̀nà kan tí àwọn òbí máa ń fojú kéré ni ti wolé-wolé. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera, irú èyí tó wà ní Iléṣà, ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, àjọ kan sì wà nípasẹ̀ òfin tó ń fún wọn ní ìwé àṣẹ, tí ẹni tí kò ní in kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Orúkọ iṣẹ́ náà kò dún bíi ti HSE, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀, ọsibítù àti ọjà kò lè ṣe kí wọ́n má nílò rẹ̀.

Ta ló yẹ kó ra èwo?

Ẹni tó ti gba dìgírì ẹ̀rọ tàbí kẹ́mísìrì, tàbí ajórin àti oníná tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi márùn-ún, kò nílò láti padà sí kíláàsì fún ọdún mẹ́rin. NEBOSH ni mo máa ní kó ṣe, kó sì mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Èkó, Ṣágámù tàbí Port Harcourt ni iṣẹ́ yóò gbé e lọ, torí pé ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń gba irú wọn kò pọ̀ ní Òṣogbo. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba WAEC ni kí ẹ má rà á fún. Kó lọ ṣe ND, kó fi ọdún IT wọ ibi iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka ààbò, kó wá gba ìwé-ẹ̀rí ààbò lásìkò náà, nígbà tí ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ yóò ní ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ àyíká ló wù ú ní tòótọ́, tí kírẹ́díìtì kẹ́mísìrì rẹ̀ sì pé, kó gba yunifásítì lọ, bí láàbù ibẹ̀ bá ní iná.

Ní ti owó, ẹ má ṣe fi iye tí wọ́n kọ sára páálí wéra. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń kọ owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nìkan, tí owó ìdánwò, ìwé àti àtúnkọ ìdánwò fún ẹni tí kò yege yóò máa yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti san àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé kan náà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ ìdánwò tí wọ́n ti forúkọ yín sí síbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá lè kọ ọjọ́ yẹn kò tíì forúkọ yín sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ gba owó yín padà lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà.