Ẹ ṣọ́ra o: kíbọ́ọ̀dù onírọ́bà ni wọ́n ń tà ní owó mechanical ní Computer Village

Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kíbọ́ọ̀dù mechanical rà ní Ìkẹjà (èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní switch tirẹ̀ lábẹ́, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ̀ pé ẹ ti tẹ̀ ẹ́), ẹ ka èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ọkùnrin kan wà lápá Otigba, lórí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó ń fi onírọ́bà, èyí tó jẹ́ pé rọ́bà lásán ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì rẹ̀, lu àwọn èèyàn ní jìbìtì. N ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe é, ọ̀la ló sì lè pààrọ̀ pátákó ẹnu ọ̀nà. Ọgbọ́n tó ń dá ni kí ẹ mọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ máa bi yín ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, irú èwo lẹ fẹ́ràn?" Ìbéèrè ọmọlúàbí, àbí? Ibẹ̀ gan-an ni pàkúté wà. Kálukú ló ní èyí tó wù ú, àwọ̀ switch la sì fi ń pè é, bí ilé iṣẹ́ Cherry ti Jámánì ṣe ń pe tiwọn: red máa ń lọ sílẹ̀ geere; brown máa ń kọ ìka díẹ̀ kó tó gbà; blue máa ń dún kà-kà-kà, ẹni tó bá ń sùn nítòsí á jí. Brown lèmi fẹ́ràn, torí a pọ̀ ní ọ́fíìsì wa ní Yábàá. Àbúrò mi ò ro ti ẹnikẹ́ni, blue ló ń fẹ́. Ó ní tóun ò bá gbọ́ ariwo, bíi pé òun ò ṣiṣẹ́ ló rí.

Ó sọ fún bọ̀dá yìí pé blue ni. Kíá ló wọlé, ó gbé páálí kan jáde tí wọ́n lẹ ìwé "BLUE" mọ́, ₦45,000. Nígbà tó gbé e délé, mo fi èékánná ṣí ìwé yẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n tẹ "mechanical feel" sí. Feel o! Iná aláràbarà ń tàn lára rẹ̀, ó sì wúwo dáadáa, àmọ́ nígbà tá a tú ìdí rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n dè mọ́ inú kó lè wúwo. Rọ́bà ló kún ìyókù.

Èmi náà lọ síbẹ̀, mo ṣe bí oníbàárà, mo ní brown ni mo fẹ́. Páálí kan náà ló tún gbé jáde, "BROWN" ló wà lára tèyí. "Ojúlówó ni, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò lè rí irú ẹ̀ ní gbogbo Ìkẹjà."

Torí náà, ẹ má sọ àwọ̀ tó wù yín. Ẹ bi í pé, "Switch wo ló wà nínú èyí?" kí ẹ sì dákẹ́. Ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ á dáhùn. Kó pe Outemu tàbí Gateron kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe wọ́n, wọ́n sì dáa. Kó ṣáà má pè wọ́n ní Cherry.

Lẹ́yìn náà kí ẹ yọ bọ́tìnnì kan. Tó bá jẹ́ mechanical, ẹ máa rí àmì bíi "+" lórí switch tó dá dúró fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ má tíì gbà, torí àwọn onírọ́bà kan ti ń ṣe "+" yẹn náà. Ẹ so ó mọ́ laptop, kí ẹ tẹ lẹ́tà kan díẹ̀díẹ̀. Ti mechanical, nǹkan bíi mìlímítà 2 nínú 4 tó fẹ́ lọ, lẹ́tà ti jáde. Ti onírọ́bà, àfi kó fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀.

Tó bá wá ní, "Ẹ jẹ́ n gbé èyí tí wọn ò tíì ṣí fún yín," ẹ kọ̀. Èyí tí ẹ dán wò ni kí ẹ gbé lọ.

Nígbà tá a bèèrè owó padà, ó kọ́kọ́ ń pariwo pé àwọn kì í dá owó padà. A ò bá a jà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sanwó, mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bọ́tìnnì lójú wọn, mò ń fi rọ́bà hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò tíì tó márùn-ún tó fi pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó fi owó ránṣẹ́ padà sí àkáǹtì àbúrò mi.

Tó bá ya olóríkunkun, LASCOPA ni àjọ ìjọba Èkó tó ń gbèjà oníbàárà. Àmọ́ rísíìtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè, nítorí náà kó kọ "mechanical" àti orúkọ switch sí i, kì í ṣe "keyboard" lásán. Tó bá lóun ò kọ ọ́, ẹ máa lọ.